Sáfà kì í pariwo: àwọn àṣìṣe tó ń jẹ owó cloud àwa oníṣẹ́ sọ́fítíwíà

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, oníṣirò owó wa wá dúró ti tábìlì mi ní Yábàá, ó mú bíìlì AWS lọ́wọ́, ìyẹn apá Amazon tó ń fi cloud háyà: sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń gbé iṣẹ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí a ń sanwó lò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ta ló ń jẹ́ NAT Gateway? Owó oṣù rẹ̀ ju ti ọlọ́dẹ ẹnu géètì wa lọ."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dénú mi. Èmi gan-an ni mo tan nǹkan ọ̀hún sílẹ̀, tí mo sì gbàgbé rẹ̀.

Iṣẹ́ ọlọ́dẹ náà ló kúkú ń ṣe. Ó ń jẹ́ kí sáfà tí a fi pamọ́ ráyè jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì ní jẹ́ kí ará ìta wọlé tọ̀ ọ́. Ní ẹkùn Virginia, níbi tí AWS fi àwọn sáfà wa sí, ó ń gba $0.045 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, bí a lò ó, bí a ò lò ó, ó tún ń gba $0.045 lórí gígábáìtì kọ̀ọ̀kan tó bá gbọwọ́ rẹ̀ kọjá. Inú S3, ilé ìkófáìlìsí AWS, ni àwọn sáfà wa ti ń kó fáìlì, ẹkùn kan náà ni S3 yẹn sì wà, síbẹ̀ ẹnu géètì yìí ni gbogbo rẹ̀ ń gbà: nǹkan bíi 4,000 gígábáìtì lóṣù. $180 owó ìkọjá, $33 owó ìjókòó. Bẹ́ẹ̀ AWS ní ilẹ̀kùn mìíràn tó lọ tààrà sínú S3, gateway endpoint ni wọ́n ń pè é, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ẹni tó fẹ́ ti Sábó lọ sí Tẹ́júoṣó, tó wá gba Third Mainland Bridge dé CMS kó tó ṣẹ́rí padà, tó sì ń sanwó mọ́tò lọ bọ̀, bẹ́ẹ̀ là ń ṣe.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ nítorí pé òun ni àṣìṣe tó bí àwọn yòókù. Ẹnjiníà ló ń tan nǹkan, oníṣirò ló ń rí bíìlì, àwọn méjèèjì kì í jókòó pọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá tàn lórí cloud, ẹ lẹ tag, ìyẹn àmì ìdánimọ̀, mọ́ ọn: iṣẹ́ tó wà fún, àti orúkọ ẹni tó tàn án. Ẹ sì wo ẹni tí ìkìlọ̀ ìnáwó yín ń lọ bá. Tiwa ń lọ sí ímeèlì ẹnìkan tó ti jápa lọ sí Kánádà. Ìkìlọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ kì í dá ìnáwó dúró o. Ó kàn ń sọ fún yín pé ó ti ń lọ ni.

Ẹ má ṣe fi náírà òní ṣírò ọdún kan gbáko

Dọ́là ni wọ́n fi ń bu iye cloud, náírà là ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan ò ju nǹkan bíi ₦460 sí ₦470 lọ ní báńkì. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó ti lé ní ₦1,500. Bíìlì $2,000 tó jẹ́ ₦920,000 di ₦3,000,000, a ò fi sáfà kan ṣoṣo kún un. Ẹ mọ iye sẹ́ǹtì tí oníbàárà kan ń ná yín lóṣù, kí ẹ tó fi náírà dá iye lé ọjà yín.

Ẹ má ṣe fi sáfà ìdánwò sílẹ̀ mọ́jú

Kò sẹ́ni tó máa fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì tó ṣófo. Dísù wọ́n, ariwo rẹ̀ á sì pè yín. Sáfà kì í pariwo.

Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Bí a bá ń lo sáfà ìdánwò láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí méje alẹ́, Ajé sí Ẹtì, wákàtí 55 péré ni. Ìdá méjì nínú mẹ́ta owó yẹn, ẹni tó ń sùn là ń san án fún. Ẹ ṣètò kó máa pa ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ dátábéèsì RDS, èyí tí AWS ń bójú tó fún yín, dáadáa: bí ẹ bá dá a dúró, lẹ́yìn ọjọ́ 7 ó máa tan ara rẹ̀ padà. A dá tiwa dúró nígbà tí a ń lọ ilé Iléyá, a rò pé ó parí síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà la rí i pé ó ti jí tipẹ́, ó jókòó, kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Dísìkì náà ńkọ́? Bí ẹ bá dá sáfà EC2 (sáfà tí AWS ń yá yín) dúró, owó dísìkì rẹ̀ ń lọ ní tirẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù ò ní torí pé ẹ ò sùn nílé kó dín owó ilé kù. Kódà bí ẹ bá pa sáfà rẹ́ pátápátá, dísìkì tí ẹ fi kún un lẹ́yìn sábà máa ń ṣẹ́kù, á máa jẹun lọ. Láti oṣù kejì ọdún 2024 náà ni AWS ti ń gba $0.005 ní wákàtí lórí gbogbo àdírẹ́sì IPv4 tó kọjú síta, ìyẹn nọ́ńbà tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń rí sáfà. Ó tó $3.60 lóṣù lórí ẹyọ kan. Ẹ ka iye tí ẹ ní.

Lọ́ọ̀gì

A wá àléébù kan lálẹ́ ọjọ́ kan, a ṣí debug sílẹ̀ kí lọ́ọ̀gì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí sáfà ń ṣe, lè kún sí i, a rí àléébù, a sùn lọ. Lọ́ọ̀gì tó ń wọlé di 40 gígábáìtì lójúmọ́. CloudWatch, ibi tí AWS ń kó lọ́ọ̀gì sí, ń gba $0.50 lórí gígábáìtì kọ̀ọ̀kan ní Virginia: $600 lóṣù, fún ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kà. Bí ẹ ò bá sì sọ iye ọjọ́ tó máa fi tọ́jú lọ́ọ̀gì, títí láé ló máa tọ́jú rẹ̀.

Ẹ má ṣe sáré bu ọwọ́ lu Savings Plan

Ẹ ṣèlérí iye tí ẹ máa ná, AWS á dín owó kù fún yín: òun ni Savings Plan. Ẹ̀dínwó rẹ̀ lè tó ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún, àdéhùn ọdún 1 tàbí ọdún 3 sì ni. Ó dáa, mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbálẹ̀ ná. Ẹni tó fẹ́ rán bùbá kì í jẹ́ kí télọ̀ wọn òun lórí agbádá. Bí ẹ bá ṣe àdéhùn lórí sáfà tó tóbi jù fún yín, ẹ ti ra ìnákúnàá ní ẹ̀dínwó nìyẹn. Bákan náà ni kírẹ́díìtì ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún ilé iṣẹ́ tuntun: ó lọ́jọ́ tó máa parí, àṣà tí ẹ fi kọ́ra kì í bá a parí.

Ẹ má sì torí pé ẹkùn AWS ti Cape Town sún mọ́ wa kó gbogbo ẹrù lọ síbẹ̀. Ó wọ́n ju Virginia lọ, iṣẹ́ tó ń ṣe ara rẹ̀ lóru ò sì bìkítà bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó.

Ẹ má ṣe fi ìbínú pa nǹkan rẹ́

Bí ọ̀gá bá ti pariwo lórí bíìlì, ọwọ́ ẹnjiníà á bẹ̀rẹ̀ sí í yún. Àbúrò kan lọ́dọ̀ wa pa dísìkì 11 rẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Pàǹtírí ni mẹ́wàá. Ìkọkànlá ló ní rìsíìtì àwọn oníbàárà nínú, "test-old-2" ni ẹnìkan sì sọ ọ́ lórúkọ. Snapshot, ìyẹn ẹ̀dà dísìkì náà, tí a yà ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn ló yọ wá.

Ní báyìí, dísìkì tí a bá fura sí, a ó kọ́kọ́ yọ ọ́ lára sáfà, a ó ya snapshot rẹ̀, a ó kọ déètì àti orúkọ ẹni tó yọ ọ́ sí i, a ó wá dúró ní ọgbọ̀n ọjọ́. Bí ẹnikẹ́ni ò bá ké, oníṣirò owó wa ló máa wá béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ńkọ́, ṣé ẹ ti pa á?"