Ẹ kó gbogbo ọjọ́ sórí kàlẹ́ńdà kan kí sẹ̀mẹ́sítà tó gbóná
Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé másítà tàbí ti ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú iṣẹ́ àti ìdílé lọ́rùn, ọjọ́ tí ìlànà ẹ̀kọ́, ìyẹn ìwé tí olùkọ́ fi ń to iṣẹ́ sẹ̀mẹ́sítà, bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni kí ẹ kó gbogbo ọjọ́ ìdánwò àti ọjọ́ tí olùkọ́ fẹ́ gba iṣẹ́ tó fún yín sórí kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo, èyí tí ìpàdé ibi iṣẹ́ àti ìsinmi àwọn ọmọ ti wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pín in sí méjì. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn láti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ “bẹ̀rẹ̀” síbẹ̀. Èyí ló ṣe pàtàkì jù, torí ọjọ́ ìparí nìkan kì í fi hàn pé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ti kún. Ẹ óò tètè rí ọ̀sẹ̀ tí nǹkan mẹ́ta ti forí gbárí, nígbà tí àyè ṣì wà láti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, láti bẹ olùkọ́ fún àfikún ọjọ́, tàbí láti bá ẹni tí yóò mójú tó ọmọ sọ̀rọ̀. Ó máa ń rọ olùkọ́ lọ́rùn láti gba ẹ̀bẹ̀ oṣù kan ṣáájú ju ti òru ọjọ́ ìparí lọ. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ìyẹn ìwé ìwádìí tí ẹ máa kọ láti gba oyè, nìkan ni ọ̀nà yìí kò bá mu tó, nítorí ọjọ́ rẹ̀ kì í sábà sí nínú ìlànà ẹ̀kọ́ kankan. Fún ìyẹn, ẹ bá alábòójútó yín dá ọjọ́ fún orí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú.