Ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wà kẹ́ ẹ tó gun òkè
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sí Geiranger, abúlé kan ní Nọ́wè níbi tí òkun ti wọ àárín òkè méjì, ẹ ní kí afinimọ̀nà fi wíwa káyáàkì, ọkọ̀ ojú omi kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, sí àárọ̀, kó fi gígun òkè lọ síbi Storsæterfossen, omi tó ń já bọ́ láti orí òkè, sí ọ̀sán. Tí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, atẹ́gùn máa ń gba ojú òkun wọ àárín òkè méjèèjì, ìgbì á dìde, ẹ ó kàn máa fi àjẹ̀ bá a jìjàkadì lásán ni. Aṣọ onírun àgùntàn ni kẹ́ ẹ wọ̀, kì í ṣe aṣọ òwú. Aṣọ òwú tó bá ti rin kì í tètè gbẹ, omi ibẹ̀ sì tutù nini, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Àmọ́ tí ìjì bá ti ń jà láti òru, àárọ̀ ò yàtọ̀ sí ọ̀sán: ohun tí afinimọ̀nà bá sọ ni kẹ́ ẹ ṣe.