Súpáchájà ti wọlé, mọ́tò ò fà mọ́ lókè: ẹ wo sípíríìngì fáàfù dáadáa

Ìbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so súpáchájà (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì) mọ́ ẹ́ńjìnnì mi, ó ń sáré dáadáa, àmọ́ tó bá ti kọjá RPM 5,500 (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) ó ń jáàkì. Ṣé sípíríìngì fáàfù ni?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo plọ́ọ̀gì, ẹ jọ̀ọ́. Bóòsì, ìyẹn agbára afẹ́fẹ́ tí súpáchájà ń tì wọlé, kì í jẹ́ kí iná plọ́ọ̀gì fò bó ṣe yẹ. Ẹ dín àlàfo ẹ̀ kù sí bíi 0.7 mm.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe ìyẹn.

Ìdáhùn: Ẹ wo bẹ́líìtì tó ń yí súpáchájà. Tí géèjì bóòsì bá ń já wálẹ̀ bí RPM ṣe ń gòkè, ó ń yọ̀ nìyẹn. Ẹ wo pọ́ǹpù epo náà, tí epo ò bá tó ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́ rárá, písítìnnì lẹ fẹ́ jó yẹn.

Ìbéèrè: Kí ló kan súpáchájà kan sípíríìngì?

Ìdáhùn: Sípíríìngì ló ń ti fáàfù pa, bóòsì sì ń ti ẹ̀yìn fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, ó fẹ́ ṣí i. Fáàfù tó fẹ̀ tó 38 mm, tí bóòsì bá jẹ́ psi 8 (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́), ó ń rù ú bíi kílò 6. Sípíríìngì tó bá mọ́tò wá ò mọ irú ẹrù yẹn, tí eré bá pọ̀ fáàfù á máa ta lórí síìtì ẹ̀, ìyẹn ibi tó ń jókòó sí tó bá pa dé, tó bá burú jù písítìnnì á gbá a.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú ra èyí tó le jù lọ?

Ìdáhùn: Rárá o! Á jẹ kámúṣáàfù yín, ìyẹn irin tó ń ṣí fáàfù. Tí fáàfù bá sì ṣí tán, ó yẹ kí sípíríìngì ṣì ní àlàfo tó tó 1.5 mm kó tó di pé irin ẹ̀ pàdé ara wọn.

Ìbéèrè: Mo ti fi èyí tó le díẹ̀ sí i, kò yí padà.

Ìdáhùn: Èyí ni mo fi odindi oṣù kan jà. Wọ́n gbé mọ́tò plọ́ọ̀gì mẹ́rin kan wá bá mi ní Pánṣẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta, mo pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, mo pààrọ̀ bẹ́líìtì, mo fi sípíríìngì tuntun sí i, ọ̀nà Ṣàgámù la ti ń dán an wò, kó ṣáà ti dé 5,500 báyìí, ó ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú tọ́pù sílíńdà yẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó wọn àyè tí sípíríìngì kọ̀ọ̀kan dúró sí, mo rí i pé ti sílíńdà kẹta gùn ju ti yòókù lọ ní 1.5 mm. Mo pe ẹni tó ni mọ́tò, mo ní ṣé wọ́n ti ṣí ẹ́ńjìnnì yìí rí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó gbóná nígbà kan, ẹnì kan bá òun fi ẹ̀rọ lọ fáàfù àti síìtì ẹ̀. Ó parí! Tí wọ́n bá ti lọ síìtì, fáàfù á rì wọnú tọ́pù, àyè sípíríìngì á gùn sí i, sípíríìngì á sì dẹ̀. Èyí tó yẹ kó máa ti kílò 25 ń ti 20, bóòsì tún yọ 6 kúrò níbẹ̀, kí ló wá kù? Ṣíìmù 1.5 mm, irin pẹlẹbẹ bíi wáṣà, ni mo fi sábẹ́ sípíríìngì sílíńdà kẹta, mo tún tápẹ́ẹ̀tì (àlàfo orí fáàfù) ṣe, ó dé 6,500 láì jáàkì.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè ṣe é fúnra mi?

Ìdáhùn: Tí ẹ ò bá ní ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára sípíríìngì, ẹ má dán an wò. Ẹ gbé tọ́pù lọ fún àwọn tó ń lọ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ gíga àyè sípíríìngì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé fún yín kí wọ́n tó dè é padà.