Bí Mo Ṣe Fi Géèmù Ìjà Mú Ara Le Nínú Pálọ̀ Mi

Télọ̀ ni mí. Ìjẹ̀bú-Òde ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ìjókòó sì ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́. Nígbà yẹn, kó tó di ọ̀sán, orúnkún á ti mọ̀ pé òun ṣiṣẹ́. Máṣíìnì oníná tí mò ń lò báyìí kò béèrè ju kí n fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ Ojúde Ọba wá, ìdájí ni mò ń jókòó, òru ni mò ń dìde. Ara àwọn oníbàárà ni téèpù mi mọ̀, kò mọ tèmi. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, tí ti òkè kọjá 140, tí ti ìsàlẹ̀ kọjá 90, ó ní oògùn nìkan ò tó, kí n máa rìn, kí n máa làágùn.

Kí n máa rìn ní Ìjẹ̀bú-Òde, èmi tí gbogbo àdúgbò mọ̀! Mo jáde láàárọ̀, ẹnì kan ní, "Àǹtí, ṣé kò sí o? Ta ni ara rẹ̀ ò yá?" Ẹlòmíràn dá mi dúró, ó ń béèrè aṣọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ aṣọ ọ̀hún ò tíì rí sísọ́ọ̀sì. Kí n tó kí èyí, kí n tó kúnlẹ̀ fún tọ̀hún, òógùn ti gbẹ. Nígbà ọdún Agẹmọ ẹ̀wẹ̀, obìnrin wo ló fẹ́ wà lójú ọ̀nà tí àwọn Agẹmọ ń gbà kọjá? Ohun tí mo lè ṣe lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni mò ń wá, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní bi mí pé ta ló ń lé mi.

Ohun náà ti wà nílé. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi Xbox 360, ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ mi nígbà kan, pẹ̀lú kámẹ́rà gbọọrọ kan tí wọ́n ń pè ní Kinect. Àwọn ọmọ ò rí ti kámẹ́rà rò. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi páàdì, èyí tí wọ́n ń dì mú lọ́wọ́ darí géèmù, gbá títí wọ́n fi wọ yunifásítì. Kinect wà lórí wọ́dúróòbù, eruku bò ó.

Oṣù kọkànlá ọdún 2010 ni Microsoft, iléeṣẹ́ tó ni Xbox, gbé Kinect jáde. Kò sí ohun tí èèyàn máa dì mú. Ó ń tan ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú tiwa ò lè rí, sí gbogbo yàrá bí àmì kéékèèké. Kámẹ́rà rẹ̀ á wo bí àwọn àmì náà ṣe bà lé ara nǹkan, ibẹ̀ ló ti ń mọ bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí i tó. Lẹ́yìn náà, á wá oríkèé ara ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, 20 ló ń tẹ̀ lé: orí, èjìká, ìgbọ̀nwọ́, orúnkún, títí dé ẹsẹ̀. Ẹ ju ẹ̀ṣẹ́, ẹni inú tẹlifíṣọ̀n á ju ẹ̀ṣẹ́.

Iná ni mo kọ́kọ́ yanjú. Step-down, àpótí tó ń dín agbára iná kù, tí àwọn ọmọ ń lò ti bá àkọ́bí mi lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, mi ò mọ ohun tó ń fi ṣe níbẹ̀. Onílẹ́tíríìkì àdúgbò wa ló yí àpótí dúdú tó wà láàárín wáyà Xbox náà wò, ó fi ìka tọ́ ọ fún mi: 100–127V ló kọ síbẹ̀. 230 ni iná tiwa. Ẹ̀rọ tó bá ti Amẹ́ríkà wá bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá tì í bọ ògiri ní tààrà, ẹ ti sun owó nìyẹn. Step-down 500 watt tó o, ó tiẹ̀ ṣẹ́ kù. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà gbé e, ṣùgbọ́n mi ò lè máa ra epo torí pé mo fẹ́ ja ìjà, nítorí náà ìgbà tí iná ọba bá dé ni àsìkò mi. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí díìsìkì náà kí ẹ tó rà á: ẹ̀rọ Amẹ́ríkà, díìsìkì tí wọ́n kọ NTSC sí ló yẹ ẹ́. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n kọ PAL sí, tó ti Yúróòpù wá, kì í ṣí lórí rẹ̀.

Pálọ̀ wá ni iṣẹ́ gidi. Kinect fẹ́ kí ẹnì kan jìnnà sí òun tó ẹsẹ̀ bàtà 6, kí ẹni méjì jìnnà tó 8, kò sì gbọdọ̀ sí ohunkóhun láàárín. Ẹ̀yin náà ẹ mọ pálọ̀ wa: àga gbogbo ká ògiri, tábìlì láàárín, òdòdó ike lórí tábìlì, fíríìjì tí kò ráyè ní kíṣínì ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Tábìlì ni mo kọ́kọ́ lé. Àga elẹ́ni mẹ́ta tẹ̀ lé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá àwọn ọmọ mi ò sì tíì dárí jì mí lórí ẹ̀. Mo gbé fọ́tò bàbá ọkọ mi kúrò lára ògiri tó sún mọ́ mi jù, nítorí mi ò fẹ́ kí n ta ìpá mọ́ àgbà. Mo wo òkè pẹ̀lú: fáànù òkè wa rẹlẹ̀, ẹni tó bá fò pẹ̀lú ọwọ́ sókè á kàn án. Ṣe la máa ń pa á, mo wá gbé fáànù onídùúró sí kọ̀rọ̀.

Oòrùn ni ọ̀tá kámẹ́rà yìí. Ìmọ́lẹ̀ irú èyí tó ń lò wà nínú oòrùn lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí náà tí oòrùn bá wọ yàrá, kò ní rí tirẹ̀ mọ́. Fèrèsé wa kọjú sí ìlà oòrùn. Mo mú ìyókù aṣọ láínì ní ṣọ́ọ̀bù, mo rán an mọ́ ẹ̀yìn kọ́tìnì, ó parí. Nínú òkùnkùn, ó ń ríran ju èmi lọ.

Ó kan aṣọ. Ìró ni mo ró lọ síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kámẹ́rà sì gbà pé ẹsẹ̀ kan ni mo ní. Ọwọ́ bùbá tó fẹ̀ náà ń dà á láàmú: ìgbọ̀nwọ́ ẹni inú tẹlifíṣọ̀n ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo fi aṣọ tó ń fà rán ṣòkòtò kan àti bùbá kékeré tó lẹ̀ mọ́ ara. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà gbogbo wọn ní kí n rán ti àwọn.

Géèmù tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni Kung-Fu High Impact. Ọdún 2011 ló jáde, iléeṣẹ́ Virtual Air Guitar Company ní Fínlándì ló ṣe é. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé kì í ya ẹlòmíràn fún yín. Àwòrán ẹ̀yin gan-an, pẹ̀lú gèlè yín tó ti wọ́, ni yóò yọ kúrò nínú pálọ̀ tí yóò fi sínú ìtàn aláwòrán, àwọn ọmọ ìta á sì máa wọlé láti ọ̀tún àti òsì wá bá yín jà. Ẹ fò díẹ̀, ẹ ó bá ara yín lókè ilé. Àwa tí ẹ̀gbọ́n wa lẹ àwòrán Bruce Lee mọ́ ògiri yàrá wọn mọ bí inú ṣe ń dùn tó.

Ṣùgbọ́n ojú télọ̀ ni mo fi wò ó, mo sì rí ibi tí aṣọ náà ti tú. Ohun tí géèmù ń kà ni bóyá ọwọ́ yín kan ọ̀tá. Kò bìkítà bóyá ìbàdí yí, bóyá orúnkún rọ̀, bóyá ẹ mí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi dúró sójú kan, ó ń ju ọwọ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin lórí ẹran, ó gba máàkì tó ju tèmi lọ, kò tiẹ̀ làágùn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bí mo bá ń lé máàkì, apá nìkan ni yóò ṣeré, ikùn á wà níbi tó wà. Mo ṣe òfin tèmi lé òfin géèmù.

Ẹsẹ̀ òsì síwájú díẹ̀, orúnkún méjèèjì rọ̀, gìgísẹ̀ ẹ̀yìn má kàn ilẹ̀ tán. Ẹ̀ṣẹ́ kì í ti èjìká wá, láti ìbàdí ló ti ń wá. Ẹ jẹ́ kí ìbàdí yí kí ọwọ́ tó jáde. Ẹ mí síta bí ọwọ́ bá ṣe ń lọ. Ẹ má na ìgbọ̀nwọ́ tán gbọnrangandan, nítorí afẹ́fẹ́ lẹ̀ ń lù, kò sí ohun tó máa dá ọwọ́ dúró, oríkèé ló máa gba gbogbo ẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ á padà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, géèmù ò béèrè ìyẹn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni èjìká àti ẹ̀yìn ti ń ṣiṣẹ́. Ìpá mi kì í kọjá ìbàdí. Tí géèmù bá sinmi láàárín ìpele kan sí èkejì, èmi kì í jókòó: mo di ẹ̀yìn àga mú, mo ń bẹ̀rẹ̀, mo ń dìde. Ìyà tí tíṣà fi ń jẹ wá ní pámárì nìyẹn, èmi ni mo wá ń fi jẹ ara mi pẹ̀lú ìfẹ́.

Táìsì ń yọ̀, pàápàá tí òógùn bá kán sí i. Kàńfáàsì ni mo ń wọ̀, mo sì ń kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn lójú kan, kí n yí èjìká àti ọrùn ọwọ́ kí n tó tan ìjà kankan.

Díìsìkì kejì ni UFC Personal Trainer, ti iléeṣẹ́ géèmù THQ, ọdún 2011 kan náà. UFC ni àwọn tó ń ṣètò ìdíje ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá. Èyí ò wá ṣeré. Àwọn olùkọ́ni oníjà gidi mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: Mark DellaGrotte, Greg Jackson àti Javier Mendez. Á kọ́kọ́ dán yín wò, á mọ bí agbára yín ṣe mọ, kó tó sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Apá tí mo fẹ́ràn jù ni ibi tí olùkọ́ ti gbé tìmùtìmù ọwọ́ dúró, tí ẹ ó máa lù ú bó ṣe ń pè é: òsì, ọ̀tún, òsì, orúnkún. Èyí á mú yín ronú pẹ̀lú ara. Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni eré ìdárayá orí ilẹ̀. Kámẹ́rà kì í dá èèyàn mọ̀ dáadáa tó bá ti dùbúlẹ̀. Ẹ ó ṣe é tán, á ní ẹ ò ṣe é. Ara ògiri ni mo ti ń ṣe push-up tèmi. Olùkọ́ ń pariwo pé mi ò ṣe é bó ṣe yẹ, èmi náà ń dá a lóhùn, a ti mọwọ́ ara wa.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n, tàbí 75 tó bá jẹ́ èyí tó le. Bí mo ṣe ń mọ ìyàtọ̀ ni pé, tí mo bá ṣì lè bá ọmọ iṣẹ́ wí ṣùgbọ́n tí mi ò lè kọ orin Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó wa, délẹ̀, ó mọ níwọ̀n. Tí ìbáwí gan-an bá já sí méjì lẹ́nu mi, ó ti le. Mo pín in káàkiri ọ̀sẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí iná bá ṣe gbà.

Oúnjẹ, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Mi ò fi ìkòkòrè sílẹ̀, ẹni tó bá ní kí ọmọ Ìjẹ̀bú fi ìkòkòrè sílẹ̀ ò fẹ́ràn rẹ̀. Iyọ̀ ni mo gé, pẹ̀lú gàrí alẹ́.

Òṣùwọ̀n tí èèyàn ń gùn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ká sòótọ́. Téèpù ló sọ̀rọ̀. Mo ń wọn ìbàdí, ikùn àti apá ní ibi kan náà, láàárọ̀, kí n tó jẹun, bí mo ṣe ń wọn oníbàárà: téèpù ò gbọdọ̀ fún, kò gbọdọ̀ dẹ̀. Ikùn ló kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, ó tó kí n gba aṣọ ara mi sínú. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà rọlẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì tún wọ̀n ọ́n, ó sì ní kí n má torí ẹ̀ já oògùn sílẹ̀, mi ò já a. Àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù tí mo máa ń dúró mí láàárín rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mò ń gùn ún lọ sókè báyìí, pẹ̀lú bọ́ńdù aṣọ lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń yà wá nírọ̀lẹ́. Kung-Fu High Impact fàyè gba àwọn mìíràn láti di páàdì mú, kí wọ́n máa darí àwọn ọ̀tá, kí ẹnì kan ṣoṣo máa fi ara jà wọ́n. Èmi ni wọ́n máa ń yàn. Ẹni tí mo bá wí lọ́sàn-án lórí aṣọ tó bà jẹ́, alẹ́ ló ń gbẹ̀san, mo sì mọ̀ ọ́n láti inú bó ṣe ń lù mí.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ra tirẹ̀: ọdún 2017 ni Microsoft dáwọ́ Kinect ṣíṣe dúró, nítorí náà tòkunbọ̀ ni ẹ máa rí. Ẹ wò ó bóyá Xbox náà jẹ́ ti àkọ́kọ́ tó sanra tàbí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó sanra nílò wáyà iná ọ̀tọ̀ fún Kinect, àwọn tó ń tà á sì máa ń ta kámẹ́rà láìsí wáyà náà. Ẹ ní kó tàn án níwájú yín. Ẹ dúró síwájú ẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ dìde, kí ẹ rí i pé ẹni inú tẹlifíṣọ̀n ń tẹ̀ lé yín. Tó bá ní kò síná, ẹ ní ẹ ó padà wá nígbà tí iná bá dé.