Òfin àfikún fẹ́ ba D&D wa jẹ́, kí la máa ṣe sí i?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa márùn-ún la máa ń ṣe D&D (eré ìtàn àfẹnusọ tí wọ́n ń fi dáìsì ṣe, tí kálukú ní karákítà tiẹ̀) ní Tanke lálẹ́ Sátidé, ìwé òfin ti 2014 la ń lò, èmi ni DM wọn, ìyẹn ẹni tó ń darí eré. Látìgbà tí mo ti ní kí wọ́n máa lo òfin àfikún tí wọ́n ń pè ní flanking, ìjà ò dùn mọ́, kí n tó ṣẹ́jú pẹ́ ọ̀tá ti kú. Mo wá fi goblin, àwọn iwin kéékèèké tó jẹ́ ọ̀tá, kún goblin, ni wọ́n bá tún fẹ́ pa karákítà àwọn ọ̀rẹ́ mi tán. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

Ìdáhùn: Àbúrò, o ò ṣe nǹkan kan tí ò dáa, òfin yẹn gan-an ló wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Ó wà nínú ìwé DM lóòótọ́, àmọ́ wọn ò sọ pé dandan ni, tó bá wù yín lẹ máa lò ó. Ohun tó sọ ni pé tí ẹni méjì bá há ọ̀tá sáàárín, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, àwọn méjèèjì á ní advantage, ìyẹn ni pé wọ́n á ju dáìsì olójú ogún yẹn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì mú èyí tó bá pọ̀ jù. Ó yá, jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ẹni náà nílò 11 kí idà ẹ̀ tó lè ba ọ̀tá, tó bá ju ẹyọ kan á bà á nígbà 50 nínú 100, tó bá ju méjì ó ti di 75 nìyẹn. 20 tẹ́ ẹ máa ń pariwo lé lórí, 5 nínú 100 ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 10 báyìí. Gbogbo ẹ̀ torí pé èèyàn kàn rìn yí ọ̀tá po, kò ná an ní kọ́bọ̀.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì. Barbarian, ìyẹn jagunjagun oníbìínú, ní Reckless Attack (ìkọlù láìbìkítà), á gba advantage, àmọ́ àwọn ọ̀tá náà á ní advantage lórí òun náà, owó tó ń san nìyẹn. Tó bá wá ń rí ọjà kan náà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló fẹ́ máa sanwó ẹ̀ fún? Ẹni tó fi spell (idán) ẹ̀ ṣe Faerie Fire, tó máa ń jẹ́ kí ẹni tó bá kọ lu ọ̀tá ní advantage, òun náà ti ṣiṣẹ́ lásán nìyẹn, torí advantage méjì ò ju ẹyọ kan lọ. Àwọn goblin tó o fi kún un ńkọ́? Tí mẹ́jọ bá yí èèyàn mẹ́rin ká, àwọn náà ti há wọn sáàárín, òfin ò mọ ta ni tiwa.

Ohun táwa ṣe ní Gaa Akanbi ni pé a yọ advantage yẹn, a fi +2 rọ́pò ẹ̀. 11 yẹn á di 9, ìyẹn 60 nínú 100, èrè wà níbẹ̀ àmọ́ kò pọ̀ jù. Alẹ́ tá a kọ́kọ́ dán an wò, wọ́n mú iná lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi ń wo dáìsì lórí tábìlì, Barbarian wa fọwọ́ bo dáìsì ẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó wo ẹ̀mí tó kù fún un lórí bébà, ó ní "mo máa ṣe Reckless". Ó ti pẹ́ gan-an tó ti sọ ọ́ kẹ́yìn. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ọ̀tá tó kàn.

Ìbéèrè: Bọ̀dá mi, láti Ọ̀fà ni o. Àwa sọ pé tí èèyàn bá ju 1, kí idà bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Fighter wa, ìyẹn karákítà ológun tó ń fi idà jà, ti ń bínú, ó ní òun nìkan la ń fìyà jẹ. Ṣé òótọ́ ló ń sọ?

Ìdáhùn: Òótọ́ ló ń sọ. Fighter tó bá ti dé lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 5 á máa gbá lẹ́ẹ̀mejì tó bá ti kàn án, nígbà tó bá fi máa dé 20 ẹ̀ẹ̀mẹrin ni, a jẹ́ pé ewu kí 1 jáde ti kúrò ní 5 nínú 100, ó ti lé ní 18. Bó ṣe ń mọ ogun jà sí i bẹ́ẹ̀ ni idà ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ sí i. Alápatà tó ti pẹ́ nídìí ẹran ní Ìpàta, ṣé ọ̀bẹ ẹ̀ ló máa ń já bọ́ ju ti ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ lọ ni? Wizard (oṣó) tó ju idán Fireball ní tiẹ̀, kò ju dáìsì olójú ogún kankan, àwọn ọ̀tá ló ń jù ú. Ẹ yọ ọ́ jàre. Nínú ìwé, ẹni tó ju 1 ti tàsé náà nìyẹn, ó tó.

Ìbéèrè: Àbúrò mi, tíṣà ni mí l'Ómù-Àrán, àwọn ọmọ wa máa ń ṣe é lẹ́yìn tá a bá jáde kíláàsì. Wọ́n ju dáìsì fún agbára karákítà wọn, ọ̀kan rí 18 méjì, ọ̀kan ò ní ju 13 lọ, ìyẹn ti ń sunkún.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ma. Àánú ọmọ yẹn ṣe mí, torí ọjọ́ kan péré lẹ ju dáìsì yẹn àmọ́ á máa tẹ̀ lé e títí eré á fi parí. Ẹ lè fún gbogbo wọn ní 15, 14, 13, 12, 10, 8 tó wà nínú ìwé fún agbára mẹ́fà tí karákítà ní. Tí wọ́n bá ṣì fẹ́ràn kí wọ́n ju dáìsì, ẹ jẹ́ kí kálukú ju dáìsì fún nọ́ńbà kan, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù títí á fi pé mẹ́fà, kí gbogbo wọn sì lo mẹ́fà kan náà.

Ìbéèrè: Èmi ti Tanke ni o. Báwo ni mo ṣe máa wá gba flanking yìí padà láìjà?

Ìdáhùn: Má sọ ọ́ láàárín ìjà o, wọ́n á ní torí pé àwọn ti fẹ́ borí lo ṣe sọ ọ́. Ṣé o mọ Whot, kí wọ́n tó pín káàdì ni wọ́n ti máa ń bèèrè pé ṣé a lè fi pick two dá pick two padà, ẹni tó bá dúró dìgbà tí wọ́n gbé e lé òun lórí kó tó bèèrè, ìjà ló ń wá. Sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó jókòó, ṣàlàyé 75 àti 60 yẹn fún wọn, kó o ní ẹ máa dán +2 wò fún Sátidé mẹ́ta. Tí ẹnì kan bá sì ti yan nǹkan fún karákítà ẹ̀ torí flanking, jẹ́ kó tún un yàn lọ́fẹ̀ẹ́.