Bí òdòdó òfìo ṣe wá hàn kedere nínú fọ́tò mi

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń ya òdòdó òfìo tó lalẹ̀ hù ní àkùrọ̀ ẹ̀yìn ilé wa, gbogbo fọ́tò ń ṣe bàìbàì. Koríko ẹ̀yìn rẹ̀ ni fóònù ń mú, torí òdòdó náà tín-ín-rín, kò sì ní àwọ̀ mèremère. Atẹ́gùn ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú akọ rẹ̀ kiri. Atẹ́gùn náà ló sì ń mì ín!

Mo ta aṣọ dúdú sẹ́yìn rẹ̀, mo fi ọ̀pá gbe igi rẹ̀ onígun mẹ́ta ró, mo wá tẹ ìka mọ́ òdòdó lójú fóònù títí àwòrán fi dúró. Aago méje àárọ̀ ni, kí afẹ́fẹ́ tó dé. Àní mo rí fọ́nrán mẹ́ta tó yọ lórí òdòdó kọ̀ọ̀kan. Ó rẹwà gan-an!