Ẹ fi rélùwéè tó ń sáré sílẹ̀: bẹ́ ẹ ṣe lè fi réèlì, básíkù àti ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ òyìnbó

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ fẹ́ dá lọ wo Yúróòpù láìbá ẹgbẹ́ kankan lọ, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, tówó yín ò bá pọ̀, ẹ má wọ rélùwéè tó ń sáré. Párísì lónìí, Róòmù lọ́la, owó tíkẹ́ẹ̀tì á gbẹ yín, stéṣọ̀n nìkan lẹ sì máa rí. Ilẹ̀ kan tàbí méjì tó fara kanra ti tó, kẹ́ ẹ wá rọra máa rìn ín.

Físà kọ́kọ́ ná. Físà Schengen kan ṣoṣo kárí Jámánì, Faransé, Sípéènì, Nẹ́dálándì àti ọ̀pọ̀ míì, ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180 ló pọ̀ jù. Ilẹ̀ tẹ́ ẹ ti máa sùn pẹ́ jù ni kẹ́ ẹ ti béèrè, ẹ má tẹ̀ lé àwọn tó ń sọ pé ibì kan rọrùn ju ibì kan lọ. €90 lowó ẹ̀ láti June 2024, wọn kì í dá a padà tí wọn ò bá fún yín. Ìnṣọ́ránsì ìlera tó tó €30,000 pọn dandan. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò lẹ lè ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ́ ẹ tó máa sáré kiri.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ di báàgì yín bẹ́ ẹ ṣe máa gbé e gan-an, ẹ gbé e wọ rélùwéè ní Láderin, stéṣọ̀n tí wọ́n fi Ṣóyínká sọ yẹn, ẹ gbé e dé Èbúté Mẹ́ta kẹ́ ẹ gbé e padà, lọ́jọ́ kejì kẹ́ ẹ gbé e gun Olúmọ, àtẹ̀gùn o, ẹ má wo ti lífìtì. Ohun tẹ́ ẹ bá ń ṣépè fún lójú ọ̀nà, ẹ yọ ọ́ kúrò. Jíǹsì méjì ti pọ̀ jù, tójò bá pa á kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Adìrẹ Ìtòkú kan ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò táwẹ̀lì, ó fúyẹ́, ẹ sì tún lè fi bora lálẹ́.

Ní Jámánì, èyí tí wọ́n kọ ICE sí lára ló ń sáré, tó sì ń gbówó. RE, RB àti S, àwọn tó ń rọra lọ, lẹ máa wá. Tíkẹ́ẹ̀tì kan wà tí wọ́n ń pè ní Deutschland-Ticket, ó bẹ̀rẹ̀ ní €49 lóṣù ní 2023, ó di €58 ní 2025, ó sì ti tún gòkè, ṣùgbọ́n ó ṣì gbé yín yípo gbogbo Jámánì nínú àwọn rélùwéè tó ń falẹ̀ yẹn, bọ́ọ̀sì àti tráàmù náà wà níbẹ̀. Ẹ kíyè sára, fúnra ẹ̀ ló ń tún ara ẹ̀ ṣe lóṣooṣù, tí ọjọ́ kẹwàá oṣù bá fi kọjá tẹ́ ò tíì fagi lé e, wọ́n á tún yọ owó oṣù tó ń bọ̀. Orúkọ yín wà lára ẹ̀, torí náà ẹ mú páṣípọ́ọ̀tù dání. Ní Luxembourg ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni rélùwéè, bọ́ọ̀sì àti tráàmù wọn látọdún 2020, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ jókòó ní fọ́ọ̀sì kíláàsì.

Páàsì rélùwéè kan tún wà tó ń gbéni káàkiri ọ̀pọ̀ ilẹ̀: ẹni tó bá ń gbé Abẹ́òkúta, Eurail ni tiẹ̀, Interrail wà fáwọn tó ń gbé Yúróòpù. Èyí táwọn èèyàn kì í sọ ni pé ní Faransé àti Ítálì, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ní páàsì lọ́wọ́, ẹ ṣì máa sanwó ìjókòó kẹ́ ẹ tó lè wọ àwọn tó ń sáré. Ṣé ẹ ti wá rí nǹkan tí mò ń sọ.

Básíkù nínú rélùwéè wá, ibẹ̀ ló dùn. Ó ní tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ lọ́tọ̀, àfi èyí tó ṣeé ká, tẹ́ ẹ bá ti ká a ẹrù lásán ni. Inú ICE ẹ gbọ́dọ̀ ti gba ààyè fún un ṣáájú, ṣùgbọ́n nínú RE, ilẹ̀kùn tí wọ́n ya básíkù sí lẹ máa wá. Kí rélùwéè tó dé ni kẹ́ ẹ ti tú báàgì ẹ̀yìn básíkù sílẹ̀, ẹ jẹ́ káwọn tó ń bọ́ọ́lẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ tán, básíkù lẹ kọ́kọ́ máa gbé wọlé, ẹ fi bẹ́líìtì so ó mọ́ ara ògiri kó má wó lu ọmọ ọlọ́mọ. Tí oníwiíṣíà tàbí ìyá tó ń ti ọmọ bá wọlé, àwọn ló ni ààyè yẹn, ẹ sún.

Nẹ́dálándì ló dáa jù fẹ́ni tí ò tíì gun básíkù jìnnà rí, ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Nọ́ńbà ni wọ́n fi sí oríta ọ̀nà básíkù wọn, ẹ kàn kọ nọ́ńbà mélòó kan sórí ìwé láàárọ̀ kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé wọn, ẹ ò nílò dátà. Ẹ má fẹsẹ̀ rìn lójú ọ̀nà pupa wọn yẹn o, wọ́n á fi agogo lé yín dànù. Láàárín ọ̀sẹ̀, rélùwéè wọn kì í gba básíkù ní 6:30 sí 9:00 àárọ̀ àti 4:00 sí 6:30 ìrọ̀lẹ́, àfi July àti August.

Fẹ́ni tó fẹ́ fẹsẹ̀ rìn, Camino ni, ọ̀nà àwọn arìnrìn-àjò ìsìn tó lọ sí ìlú Santiago ní Sípéènì. Láti ìlú Sarria, ó lé ní 100km, èyí sì tó láti gba ìwé ẹ̀rí wọn, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ gba sítáǹpù méjì lójúmọ́ sínú ìwé ìrìn tí wọ́n ń fúnni fún ọ̀nà yẹn. Oníbásíkù ńkọ́? 200km ni tiẹ̀.

Oúnjẹ: gàrí ò ní wàhálà, kílíṣí, pọ̀nmọ́ àti wàrà ni kẹ́ ẹ fi sílé, Yúróòpù ò gba ẹran àti wàrà láti ìta. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń tì lọ́jọ́ Sunday, inú stéṣọ̀n ńlá lẹ ti máa rí nǹkan rà, ó sì wọ́n, torí náà ẹ ra búrẹ́dì àti ẹyin yín sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.